Ọpẹ́ Tó Há Mi Lọ́fun ní Jẹ́dà

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí kò bi mí pé, "Àlàájì, báwo ni Mẹ́kà ṣe rí?" Mo máa ń dáhùn pé ó dára, màá sì máa fá pákó mi lọ. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì òtítọ́. Ẹlòmíràn tó bá ti Mẹ́kà dé a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé omijé ayọ̀ ló fi ń wẹ̀ láti ọjọ́ tó débẹ̀ títí dọjọ́ tó kúrò. Ní tèmi o, inú ló ń bí mi. Inú bí mi ní Jẹ́dà, inú bí mi ní Mẹ́kà, inú sì tún ń bí mi nígbà tí mo padà sí Jẹ́dà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí n tó di ẹni tí ń parọ́ mọ́ ìrìn-àjò ara rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, káfíńtà sì ni mí. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ohun tó gbé mi lọ nìyí. Ojú ọ̀tún mi ti ń ṣókùnkùn bọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín, ó wá di pé bí mo bá fẹ́ kan ìṣó, àtàǹpàkò mi ni mò ń kàn. Múfútáù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Jẹ́dà láti bí ọdún mẹ́jọ. Ó ní kí n wá, pé òun mọ dókítà ojú kan tó mọṣẹ́, àti pé bí wọ́n bá ti parí ojú náà, màá ṣe úmúrà, hájì kékeré, kí n tó padà sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ lórí mi nìkan. Ìyá Múfútáù, Àlàájà Rábí, ẹ̀gbọ́n mi, ojú tiwọn méjèèjì ti ń ṣe bíi tèmi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi irin kan ojú àwọn àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ rí ohun tí tèmi yọrí sí. Ẹ ti rí i bí a ṣe ń fi pákó àlòkù dán ọ̀dà wò ká tó fi kun ilẹ̀kùn olówó. Èmi ni pákó àlòkù.

Nínú ọkọ̀ òfurufú

N kò ní sọ púpọ̀ níbí nítorí pé ojú ń tì mí. Bí mo ṣe jókòó, mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àga bí oníṣẹ́ ọwọ́, mo bá rí i pé ìdè kan ti dẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí a fi balẹ̀, n kò gbádùn ara mi. Mo ń rò ó pé ẹni tí kò lè de ìdè àga, ṣé òun náà ló de apá ọkọ̀? Obìnrin tó jókòó tì mí ń sùn, ó tiẹ̀ ń hanrun. Inú bí mi sí i. Mo ní bí a bá máa já bọ́, kí gbogbo wa jọ lajú sí i.

A dé Jẹ́dà ní ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ooru kan gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn tẹ orí wo inú ààrò búrẹ́dì. Mo yíjú padà, mo rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ ooru. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí ìlú ṣe rí nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Mo kí i ní sálámà gígùn, gbogbo rẹ̀ pátá, bí áfáà mi ṣe kọ́ mi ní ilé kéwú. Kò wojú mi. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń mu tíì nínú ife kékeré kan. Ó wá bi mí ní nǹkan kan. N kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni mo sọ: "Alihamudulilahi." Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè dáhùn ohun gbogbo ní ilẹ̀ wọn. Ilé ńkọ́? Alihamudulilahi. Ara ńkọ́? Alihamudulilahi. Mọ́tò bàjẹ́? Alihamudulilahi. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dùn mọ́ mi. Nígbà tó yá, mi ò kọ̀ kí n sanwó fún ẹni tó bá lè sọ ohun mìíràn sí mi.

Obhur

Ibi tí Múfútáù ń gbé ní ìpẹ̀kun àríwá Jẹ́dà, létí òkun, ni wọ́n ń pè ní Obhur. Ilé ńláńlá, ọgbà gíga, ilẹ̀kùn irin. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, n kò rí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì láti kí ẹni tó bá ń kọjá, mọ́tò nìkan ló ń kọjá, mi ò sì lè kí táyà. Múfútáù gbé mi lọ wo òkun. Mo kí òkun láti inú mọ́tò, mo ní ó tó.

Àwọn èèyàn rere ni wọ́n, n kò gbọdọ̀ parọ́. Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ń se oúnjẹ bí ẹni pé mo ti gbààwẹ̀ dé láti Ìwó. Ìrẹsì tó fi òróró àti àjàrà gbígbẹ sè, odidi ẹsẹ̀ àgùntàn ló máa ń dùbúlẹ̀ lé e lórí. Àjàrà nínú ìrẹsì kò yé mi títí di òní. Mo máa ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Nàfísà ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, á wá ṣà á jẹ. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, èdè Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn. A jọ ń sọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, oníkálukú ní èdè tirẹ̀, kò sì sí ìjà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ kẹwàá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sọ fún dókítà náà pé ojú mi ti ń ríran. Múfútáù ò tú u sí Lárúbáwá fún un. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ó di í mú títí abẹ́rẹ́ fi gbé mi lọ.

Nígbà tí wọ́n tú ojú mi, dókítà náà gbé iná sí i, ó bi mí ní nǹkan kan.

Múfútáù ní, "Bàbá, ó ní kí lẹ rí?"

Mo ní, "Òkùnkùn."

Wọ́n tún gbé iná mìíràn wá. Òkùnkùn náà ni. Dókítà náà sọ̀rọ̀ pẹ́ títí. Ohùn Múfútáù ti lọ sílẹ̀ nígbà tó máa fi tú u: ẹ̀yìn ojú náà ti kú tipẹ́, wọ́n ti fọ iwájú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Ká ní mo ti wá lọ́dún méjì sẹ́yìn ni.

Dókítà náà wá fọwọ́ gbá mi léjìká, ó tọ́ka sí ojú òsì mi, ó ní, "Alihamudulilahi." Nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ pàápàá sọ ọ́. Ó ṣe mí bíi kí n ki ìka bọ ọ̀kan nínú ojú wọn, kí n wá ní kí wọ́n dúpẹ́ nítorí èyí tó kù.

Ògiri

Ẹ̀yin ará ilé mọ bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ṣe ọ́ lóore lónìí, o dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ò tíì ka nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó gun òkè, wàá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wàá ní, "Ẹ ṣeun àná o." Bí ẹ bá tún pàdé ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá tún sọ ọ́. Ti ọjọ́ kejì yẹn ni ọpẹ́ gan-an. Ẹni tí kò bá wá, gbogbo ilé ló máa mọ̀ pé kò wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n tú ojú mi, Múfútáù wọ yàrá mi, ó kí mi, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mo yí ojú sí ògiri. Ògiri tó mọ́ ni, wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa, mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ó ti lọ síbi iṣẹ́.

Bí a ṣe bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ó wá ń dé lẹ́yìn tí mo bá ti sùn, ó ń jáde kí n tó kírun tán. Sìkírátù ló ká mi mọ́ ilé ìdáná níkẹyìn. Mo ti wọlé láti dúpẹ́ oúnjẹ àná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Nàfísà tó gbé bàtà fún yín. Lánàá ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá gbé ìdọ̀tí, ẹ tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ilé yìí."

Mo ní, "Ta ni?"

Ó wò mí títí mo fi gbójú sílẹ̀.

Ó ní, "Ó sọ fún mi pé òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ ojú Màámi mọ́. Ó ní bí òun bá fọ́ ojú ẹnì kejì nínú ẹbí yìí, òun ò tún lè tẹ ilẹ̀ Ìwó mọ́."

"Òun kọ́ ló fọ́ ọ."

"Ṣé èmi lẹ máa sọ ọ́ fún ni?"

"Kí wá ni kí n dúpẹ́ fún, Sìkírátù? Fún òkùnkùn?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ dúpẹ́ òkùnkùn. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí yín, kó lè máa kán oògùn sí yín lójú. Kẹ́ ẹ dúpẹ́ ìyẹn. Ẹ kàn ní 'o ṣeun,' kí ọmọ náà lè jẹun."

Mo ní inú mi kò tíì sí níbẹ̀. Mo ní èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì, ohun tí kò bá sí nínú mi, n kì í fi ẹnu sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni iyì. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti di ẹrù mi pé kí n lọ ṣe úmúrà, bóyá ara mi á balẹ̀.

Mẹ́kà

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ Múfútáù kan ni wọ́n fi mí sí, Àlàájì Súlè, ọmọ Ìlọrin tó ti ń gbé ní Mẹ́kà tipẹ́tipẹ́. Kudai ni ilé rẹ̀ wà, ní apá gúúsù ìlú, níbi tí àwọn àlejò ìlú bíi tiwa ń gbé. Fìlà àti tẹ̀súbáà ló ń tà. Orúnkún rẹ̀ kan kò dára, ẹnu rẹ̀ kò sì ní orúnkún rárá, kò sóhun tó ń dá a dúró.

Ó mú mi lọ sí Mọ́sáláṣí Ńlá. Kí n sọ òótọ́, bí mo ṣe rí Káábà, ẹsẹ̀ mi dúró. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà èrò bò mí. Apá ọ̀tún mi ni òkùnkùn wà, apá ọ̀tún náà sì ni gbogbo ayé gbà ń tì mí. Mo di àmùrè aṣọ funfun aláìrán tí Súlè ró mú. Ó ní, "Àlàájì Káfíńtà, ẹ rọra o, aṣọ kan ṣoṣo ló wà ní ìdí mi." Àwọn tó yí mi ká ń sunkún, ọkùnrin gìrìwò gìrìwò, omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n. Mo wá omijé ara mi títí, òógùn ni mo rí. Àdúrà tí mo ti tò láti Ìwó ti fò lọ. Ohun tí mò ń wí lọ́kàn ni pé, ojú mi, ojú mi, kí ló dé. A yí i ká lẹ́ẹ̀méje, a rìn láàrin òkè Sàfáà àti Mọ́rúwà, a mu omi sámúsámù láti kànga mímọ́ wọn, wọ́n gé irun mi. Mo ṣe úmúrà tán, inú sì ń bí mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Súlè ní kí n dúró de òun, mo ní ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni. Orí òkè ni ilé àdúgbò náà ń gùn lé, ọ̀nà wọn tóóró, gbogbo ilé wọn jọra. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti sọnù. Mo ń yẹra fún mọ́tò tí mi ò rí, mo ń kọsẹ̀ lára ìloro, mo sì ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan lẹ́ẹ̀kan. Mo tún kọjá níbẹ̀. Nígbà tí mo kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá tó ni ín jáde, ó fi àpótí kan síwájú mi, ó ní kí n jókòó.

Ará Afuganísítáànì ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ìyẹ̀fun kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó bu omi fún mi, ó ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó tóbi tó ọmọrí ìkòkò, ó gbóná débi pé mò ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Mo dárúkọ Súlè. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di mí lọ́wọ́ mú, ó mú mi délé. Ó wá padà sídìí ààrò rẹ̀ láìdúró.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ṣé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé á jẹ́ kí ìyẹn kọjá? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ka ìyànà lórí ìka, mo débẹ̀. Mo ní, "Ṣúkúránì," ọ̀rọ̀ ọpẹ́ wọn. Nígbà tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àná, mo fi àtàǹpàkò tọ́ka sẹ́yìn mi, pé ti ọjọ́ tó kọjá ni. Bàbá náà bojú wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni, ó mi orí pẹ̀lú àánú, ó fún mi ní búrẹ́dì méjì. Mo kọ̀ ọ́. Ó fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà.

Mo ti jẹ gbèsè ọpẹ́ mìíràn nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta mo tún lọ. "Ṣúkúránì," mo tọ́ka sẹ́yìn. Ó bojú wẹ̀yìn mi, ó ká búrẹ́dì mẹ́rin pọ̀, ó fi ẹ̀wà sísè sínú ọ̀rá lé e. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn fi owó wẹ́wẹ́ lé búrẹ́dì náà lórí.

Nígbà tí Súlè rí ẹrù tí mo kó wọlé, ó jókòó sílẹ̀.

"Àlàájì Káfíńtà, kí lẹ ń ṣe fún bàbá yìí?"

"Mò ń dúpẹ́ àná ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ ti di alágbe o. Ẹ̀ ń tọ́ka sẹ́yìn, ó sì rò pé ẹbí yín tí ebi ń pa lẹ̀ ń júwe. Níbí, èèyàn dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Bí ẹ bá tún padà, wọ́n á ní ẹ tún fẹ́ ni. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo dé. Lárúbáwá tó dúró fún mi tí mo fi gba ìwé ìgbélùú, àràárọ̀ ni mò ń lọ dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Mo sì ń rí bàtà rẹ̀ níbẹ̀."

Inú bí mi gidi. Mo ní kó dìde, kó tẹ̀ lé mi, kó lọ ṣàlàyé fún bàbá náà pé káfíńtà ni mí, pé mo ní ṣọ́ọ̀bù, n kì í ṣe alágbe.

Súlè ṣàlàyé. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí pé Lárúbáwá bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tèmi lọ. Bàbá náà ń na ìyẹ̀fun bó ṣe ń gbọ́. Ó bi Súlè ní nǹkan kan, Súlè rẹ́rìn-ín.

"Ó ní bí gbogbo yín bá ń lọ dúpẹ́ láràárọ̀, ta ní ń ṣiṣẹ́ nílùú yín?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá náà lẹ búrẹ́dì kan mọ́ inú ààrò, ó tún sọ̀rọ̀.

"Ó ní ta ló gbé yín wá láti ilẹ̀ Áfíríkà? Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Ó ní òun mú yín rìn láti ibí dé ilé mi, ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi dúpẹ́. Ó ní ti onítọ̀hún ńkọ́, ọdún mélòó lẹ máa fi dúpẹ́ tirẹ̀?"

Súlè ń dúró kí n dáhùn kó lè tú u. Kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ èmi àti Múfútáù. Mo ní, "Sọ fún un pé ooru ń mú."

Ní ọ̀sán yẹn, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mi ò sùn. Mo rántí ọkùnrin kan tí mo ṣe ilẹ̀kùn fún nígbà kan. A ti jà, mi ò fẹ́ fojú kàn án. Mo fi ìbínú fá pákó yẹn, mo fi ìbínú gbẹ́ ojú ihò rẹ̀, mò ń ṣépè fún un lábẹ́ èémí. Ilẹ̀kùn náà ṣì ń pa dé dáadáa títí di òní. Mi ò dúró kí inú mi dùn kí n tó mú àyùn. Bí mo bá ń dúró de inú dídùn, mi ò bá má tíì kan àga kan láyé mi. Mo wá bi ara mi léèrè pé ta ló sọ fún mi pé ọpẹ́ yàtọ̀.

Kí n tó kúrò ní Mẹ́kà, Súlè mú mi padà lọ yí Káábà ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Omijé kò wá. Mo di eyín pọ̀, mo ní, Ọlọ́run, inú ń bí mi sí Ọ nítorí ojú yìí. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ èyí tó kù, mo dúpẹ́ ẹsẹ̀, mo dúpẹ́ bàbá oníbúrẹ́dì. Ó ń jáde lẹ́nu mi bí ìṣó tí a ń fà yọ nínú igi líle, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fà á títí ìrìn méje fi pé. Inú mi kò dùn nígbà tí mo parí, ṣùgbọ́n ọ̀fun mi ti là díẹ̀.

Ìdí mọ́tò

Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo padà dé Obhur, mo sáré kírun, mo lọ dúró sídìí mọ́tò Múfútáù. Oòrùn ti ń ta. Ó jáde, ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Múfútáù, o ṣeun ọjọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?" Ó mọ ọjọ́ tí mò ń wí.

"Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ojú mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kejì rẹ̀. O di ọwọ́ mi mú. O gba ìsinmi, o ń kán oògùn sí mi lójú. O ṣeun."

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ má dúpẹ́, Bàbá. Kò ríran."

"Mo mọ̀ pé kò ríran, èmi ni mo ni ín. Mi ò sọ pé inú mi dùn. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe dúró yìí. Mo ní o ṣeun."

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò, kò yí i. Ó wá ní, "Ẹ wọlé, oòrùn ń mú," ó sì lọ, ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sórí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo tún wà níbẹ̀. Mo ní, "O ṣeun àná."

"Kí ni mo ṣe lánàá?"

"O jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí mọ́tò. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Kò jẹ́ kí n la ẹnu.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ fún Màámi ńkọ́?"

Mo ní, "Tèmi pẹ́ jù ni. Tiwọn kò tíì pẹ́. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, màá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí wọn. Wọ́n lè má fẹ́ ṣe é fúnra wọn. O mọ̀ wọ́n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jọ jẹun àárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo ṣa àjàrà gbígbẹ sílẹ̀ fún Nàfísà.

Ilé

Ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo dé Ìwó, ẹni tó ń kí mi pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò kí mi. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n fi ìka gbé ojú ọ̀tún mi.

"Làmídì, ojú yìí là?"

"Kò là."

"O wá fẹ́ kí n lọ fún wọn ní tèmi?"

"Ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn, ṣé o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo dúpẹ́. Àárọ̀ méjì."

"Pẹ̀lú bí ojú náà ò ṣe là?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ronú. Wọ́n ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ó gbìyànjú gidi nígbà náà. Mo mọ̀ ẹ́." Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe ìwé ìrìnnà.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ẹni tó ni fóònù ládùúgbò wa ránṣẹ́ pè mí pé Jẹ́dà wà lórí ẹ̀rọ. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Múfútáù ni. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín ló ń rín.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n tú ojú Màámi láàárọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé mo ti rù, pé aṣọ mi rún, pé ta ló kun ògiri yàrá ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bú dókítà náà, ó sì rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún òun."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìṣó lẹ́nu. Ojú ọ̀tún mi wà níbẹ̀ bó ṣe wà, òkùnkùn biribiri, mi ò sì ní parọ́ fún yín, ó dùn mí pé tiwọn là, tèmi kò là. Ó dùn mí gan-an bí mo ṣe di fóònù náà mú.

Mo ní, "Múfútáù, o ṣeun."